Ohun Tí Awọnlẹ̀ Kọ Nípa Igi Ọsàn

Ẹ má bínú tí ẹ bá rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín láàárín ìtàn yìí. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí gbá mi nídìí kí n lè ké. Dípò kí n ké, ṣe ni mo ṣu sí i lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ orúkọ mìíràn fún mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi bi mí bóyá ṣòkòtò òun ló ya. Ó ya lóòótọ́. Èmi náà ni mo sì rán an.

Ẹ̀rín yìí kan náà ló kù díẹ̀ kó bá mi sọ ọmọ mi nù lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ṣe jẹun. Ilé wa wà ní ìpẹ̀kun òpópónà, níbi tí ọ̀dà ti tán tí koríko bẹ̀rẹ̀: yàrá mẹ́ta, kànga kan, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tó kọjú sí títì, àti ilẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀ tó lọ títí dé etí odò. Ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí. Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, tí mo ń pè ní Elétí nítorí etí rẹ̀ méjèèjì dà bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Awakọ̀ típà ni. Àwọn èèyàn máa ń pè é ní àkọ́bí mi. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo pé ẹni àádọ́rin ọdún, ilé-iṣẹ́ kan dé, ó ní òun fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá: kẹ̀kẹ́ gàgàrà tí á máa gbé èèyàn yí lókè, odò àtọwọ́dá tí àwọn ọmọ á máa yọ̀ ṣòòrò wọ inú rẹ̀, àti ilé ìtura alájà mẹ́jọ fún àwọn tó bá fẹ́ sùn mọ́jú. Ìjọba ti fọwọ́ sí i kí àwa tó gbọ́. Wọn ò bi wá bóyá a fẹ́. Ohun tí wọ́n wá bi wá ni ohun tó wà lórí ilẹ̀ wa.

Awọnlẹ̀ tí wọ́n rán wá jẹ́ ọkùnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, oòrùn sì ti pa àwọ̀ fìlà rẹ̀ dà. Ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ èjìká, ó kó èèkàn tí wọ́n kùn lọ́dà pupa sínú àpò, ó di fọ́ọ̀mù mọ́ àyà. Ó tẹrí ba kí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Màmá," ó ní, "gbogbo ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ yìí la máa kọ síbí. Ilé, kànga, igi eléso. Tí ibojì bá wà, ilé-iṣẹ́ á hú u tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí itẹ́ òkú ìlú. Àmọ́ ohun tí kò bá sí nínú fọ́ọ̀mù yìí, kò sí láyé nìyẹn o."

"Ọkọ mi," mo dá a lóhùn, "tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè kọ ìdí mi sí i, torí òun ló gba ààyè jù lórí ilẹ̀ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rọ fẹ́ já bọ́ léjìká rẹ̀. Bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún ẹlẹ́rìn-ín ní ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti ba tiẹ̀ jẹ́.

Mo mú un yí ilẹ̀ ká. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó dijú kan, ó fi ojú kejì wo ọ̀kánkán. Mo fa téèpù mi yọ lọ́rùn, mo ní, "Ẹ wò ó, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Àmọ́ òkèèrè lẹ ti ń wọn tiyín. Èmi ní láti gbá tèmi mọ́ra kí n tó mọ̀ bó ṣe tóbi tó. Ẹ ò mọ bí abíyá ṣe ń rùn lọ́sàn-án."

A dé ilé ìgbẹ́. Mo ní, "Ààfin nìyí. Kò sí ọlọ́lá tó wọ ibẹ̀ tí kò lóṣòó." Ó kọ ọ́: *ilé ìgbẹ́, ọ̀kan.* A dé ìdí àga gbọọrọ tó wà lábẹ́ òrùlé páànù. Mo ní, "Ibí ni mo máa ń sùn lọ́sàn-án, tí ẹnu mi á là gbàgà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì. Eṣinṣin méjì ti bímọ síbẹ̀." Ó ń nu omijé ẹ̀rín. A dé ibi òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sí. Mo ní, "Ẹni yìí la jọ gbé pẹ́ jù. Láti ìgbà tó ti bọ́ síbí, kò bá mi jà rí." Ó ṣí fìlà, ó kí ọkọ mi, ó sì kọ ọ́: *ibojì, ọ̀kan.*

Lẹ́yìn náà la dé ìdí igi ọsàn.

Ó wo igi náà sókè, ó wo ilẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ féfé, torí ojoojúmọ́ ni mo ń gbá a. Ó ní, "Màmá, ibí wá ńkọ́? Kí ló wà níbí?"

Mo mọ̀ pé ìdí tí ọkùnrin yìí fi wá nìyẹn. Mo ní, "Ọmọ mi ló sùn síbẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má dá a lẹ́bi. Mo ti ń pa á lẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibi tí èmi fúnra mi ti ń sùn fún un ni. Ó ní, "Ọmọ ìyá rẹ̀ ni! Ẹ̀yin ń sùn lábẹ́ páànù, òun ń sùn lábẹ́ igi. Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo dúró lórí ibẹ̀, mo sì bá a rẹ́rìn-ín.

Ó kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Mo ti gbàgbé gíláàsì ojú mi sórí maṣíìnì, òun ló ka ìwé náà fún mi, wàràwàrà, bí ẹni tí ilé míì ń dúró dè: ilé, kànga, ibojì kan, igi ọsàn kan. Mo fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọlọ́run mọ̀ pé mo mọ̀ pé kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mi ò sọ fún un fún yín.

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sẹ́yìn, kí n tó bí Elétí, mo ní ọmọbìnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Òun ló máa ń ṣa àgékù aṣọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fún mi, tó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra tí á ní òun ti di ìyàwó. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ogójì ló wà níwájú mi tó gbọ́dọ̀ pé kí àwọn ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, níbi tí mo ti lè rí i lójú fèrèsé. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo fún un lómi. Mo ní, "Sùn díẹ̀. Tí mo bá rán apá yìí tán, màá wá gbé ọ."

Mo rán apá yẹn tán. Mo rán òmíràn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, mo ní nínú ara mi pé, jẹ́ kó sùn, oorun ni oògùn ibà. Bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní, "Ọmọ dà?"

Mi ò gbé orí kúrò lórí maṣíìnì. Mo ní, "Ó sùn síbẹ̀ yẹn."

Ó lọ wò ó. Ó pẹ́ kó tó padà wá.

Ibẹ̀ náà ló gbẹ́ ilẹ̀ sí, torí mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níbi tí ojú mi ti lè tó o. Mo rán aṣọ funfun kan fún un, oníkọ́là lọ́rùn, tó ní bọ́tìnnì mẹ́fà aláwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn. Kí wọ́n tó kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, mo fa téèpù láti ìdí igi dé ibi orí rẹ̀, torí aránṣọ ni mí, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Téèpù méjì, ó dín ọwọ́ kan, sí apá ìlà oòrùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún bàbá rẹ̀ ni mo di mú. Ó sùn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí wọ́n ń sọ nípa òkú, mi ò jẹ́ kó gba ẹnu mi kọjá rí, kódà pẹ̀lú ọkọ mi. Nígbà tí a bí Elétí, a ò sọ fún un. Ẹ̀rín mi, tó ti wà tẹ́lẹ̀, mo wá fi í ṣe aṣọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí awọnlẹ̀ wá, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé láti wá wo bí ọgbà náà ṣe máa rí. Wọ́n na àwòrán kan mọ́ ògiri, ó gùn ju ọkọ̀ akérò lọ. Obìnrin tó yà á ló ń ṣàlàyé, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ bàtà funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Ó mú ọ̀pá, ó tọ́ka sí kẹ̀kẹ́ gàgàrà, ibi tí ilé alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa wà. Ó tọ́ka sí ilé ìtura. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ilé kékeré kan tó ní òrùlé ewéko.

"Ibí yìí," ó ní, "ni inú mi dùn sí jù. Tí àwọn ọmọ kéékèèké bá ti ṣeré tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n nílò ibi tó tutù láti sùn. A ò rò ó tẹ́lẹ̀. Inú fọ́ọ̀mù tí awọnlẹ̀ wa mú dé la ti rí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *igi ọsàn kan, ibi tí ọmọ onílé máa ń sùn sí.* A wá pè é ní Ilé Oorun Ọmọdé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín la ti rí i o! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká rí yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Elétí súfèé. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ìyá yìí, oorun tó ń sùn kiri ti di òkìkí!" Ẹsẹ̀ mi dìde, ọwọ́ mi juwọ́ sí wọn, ẹnu mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò sí níbẹ̀. Tí òkú bá lè dìde kí àwọn èèyàn, bó ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ní ibojì mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo wọ gíláàsì mi, mo wá tiwa. Ọ̀kan.

Awọnlẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ṣé inú yín dùn?"

Mo la ẹnu kí n sọ fún un. Ohun tó jáde ni pé, "Ó dùn débi pé ìdè ìró mi ti fẹ́ já." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Wọ́n kó wa lọ sí àwọn ilé tuntun ní òdìkejì ìlú, ilé tí ògiri rẹ̀ ṣì ń rùn fún ọ̀dà. Wọ́n wá hú ọkọ mi. Wọ́n ṣe é dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n ta aṣọ yí ibẹ̀ ká, wọ́n rọra, wọ́n gbé e sínú pósí tuntun. Mo dúró, mo ń wò. Ìṣísẹ̀ méjìlá péré ni igi ọsàn wà sí mi. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n na ìka. Ìka náà wúwo bí irin ìlọṣọ. Mo bá ọkọ̀ tó gbé ọkọ mi lọ, mo wẹ̀yìn, mo sì rí i pé àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ọmọ nìkan ló kù.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jẹun délẹ̀ mọ́. Èmi tí mo máa ń jẹ tán tí mo máa ń lá àwo! Elétí ní bóyá ilé tuntun ni kò bá mi lára mu.

Ilé-iṣẹ́ gba Elétí pẹ̀lú típà rẹ̀ láti máa kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ọgbà náà. Láràárọ̀, á yà sọ́dọ̀ mi kó tó lọ, á mu tíì, á jẹ búrẹ́dì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ki búrẹ́dì sínú tíì, ó ní, "Màámi, wọ́n gé igi ọsàn wa lánàá o. Òní ni katakata máa gbẹ́ ibẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé oorun yín yẹn. Èmi ni mo máa kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀."

"Ibo lẹ máa dà á sí?"

"Ààtàn ni, lẹ́yìn afárá. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ lọ dà sí ààtàn."

Ó rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe? Ogójì ọdún ó lé ló ti fi ń gbọ́ àwàdà ẹnu mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ta?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Màámi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti pẹ́ o. Ṣebí èmi ni àkọ́bí yín?"

Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo rí i pé tí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ ọmọ mi ló máa da ọmọ mi nù. Mo ní, "Ọmọ mi kú."

Ohùn náà kò jọ tèmi. Ó yí padà.

"Ó kú," mo tún sọ. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Abẹ́ igi ọsàn ló kú sí, mo sì ń rán aṣọ. Ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ sin ín sí. Mo sọ fún awọnlẹ̀, àmọ́ mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ gbogbo nǹkan."

Elétí jókòó. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi pè mí ní àkọ́bí." Mi ò mọ̀ pé ó ti kíyè sí i. Ó ní, "Mo máa ń rò pé nǹkan kan ló wà lára mi tí kò tẹ́ yín lọ́rùn ni."

Àánú ìyẹn tún ṣe mí lọ́tọ̀.

A jọ jáde. Típà ga, orúnkún mi kò sì gbọ́ràn mọ́. Ó gbé èjìká sí ìdí mi, ó ń tì mí bí ẹni ń ti ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú. Mo ní, "Rọra o, ẹrù ìjọba ni." Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, omijé sì ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Ó sáré débi pé gbogbo eyín mi ń lu ara wọn, ìyẹn àwọn tó kù.

Nígbà tí a débẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo wà. Ilé ti lọ. Kànga ti lọ. Ilẹ̀ pupa lásán ni, ó tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kò sí kùkùté, kò sí ewé kan. Mo yí, mo yí. Ojoojúmọ́ ni mo gbá ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, mi ò sì lè sọ bóyá ọ̀tún mi ló wà tàbí òsì mi. Katakata ti gbé ọwọ́ sókè ní ọ̀kánkán. Elétí wa típà lọ dábùú iwájú rẹ̀, ó pa á, ó sì sọ fún awakọ̀ katakata pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ yìí, òun Elétí ló máa kọ́kọ́ gbẹ́.

Wọ́n pe awọnlẹ̀. Ó sáré dé, ó rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá rí mi.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín lábẹ́ igi ọsàn?"

"Ẹ ní ọmọ yín ló máa ń..." Ó mi orí. "Rárá. Ẹ ní ọmọ yín ló sùn síbẹ̀." Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lára. Ó ṣí fìlà. "Yéè. Màmá. Mo fi rẹ́rìn-ín."

"A jọ rẹ́rìn-ín ni," mo ní. "Àmọ́ mi ò mọ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pa gbogbo àmì mi rẹ́."

Kò bẹ̀ mí, kò ṣàlàyé. Ó ṣí ìwé kékeré kan tó wà lápò rẹ̀, ó wá ojú ewé títí, ó ní, "Igi ọsàn. Mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ó wà níbí." Ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, ó rán òṣìṣẹ́ kan lọ pẹ̀lú ọ̀pá, ó dijú kan. "Sún sí ọ̀tún. Díẹ̀ sí i. Padà. Padà ní ìwọ̀n ìka kan. Ibẹ̀ yẹn." Ó fúnra rẹ̀ lọ kan èèkàn pupa mọ́ ibẹ̀. "Màmá, ìdí igi nìyí."

Mo fa téèpù yọ lọ́rùn. Ó bá mi di orí rẹ̀ kan mú sí ìdí èèkàn. Téèpù méjì, ó dín ọwọ́ kan, sí ìlà oòrùn. Mo tẹ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó tutù. Wọ́n gbẹ́ dé ìbàdí. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan níbí." Awọnlẹ̀ rọra sọ sí mi létí pé ilẹ̀ etí odò kì í tọ́jú ohun kékeré, pé ó ti pẹ́, pé egungun ọmọdé rọ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé mi sínú ihò náà. Wọ́n wo ara wọn. Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ ó nílò katakata kí n tó jáde. Ẹ ṣáà gbé mi sínú rẹ̀." Elétí kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀, ó gbà mí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wá ilẹ̀ náà bí mo ṣe ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù: èèyàn kì í fi ojú wá abẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wá a. Mo rí ọ̀kan. Mo fi itọ́ nù ún. Àwọ̀ ojú ọ̀run.

"Kí nìyẹn?" Elétí ní.

"Bọ́tìnnì rẹ̀ ni. Mẹ́fà ni wọ́n."

A rí ìkejì, a rí ìkẹta, a rí ìkẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn a ò rí nǹkan kan mọ́. Oòrùn dé àtàrí. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ń wo aago. Elétí kò gbà, ó ń họ ilẹ̀, èékánná rẹ̀ ti ya, ó ń wí pé, "Ó ku méjì, Màámi. Ó ku méjì." Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n bíi ti ọmọdé tí wọ́n nà. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Elétí, ó tó. Jẹ́ kó sùn."

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo wá sunkún nínú ihò yẹn, ẹkún tí mi ò sun láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo sun ún títí imú mi fi ń ṣe fèrè. Ọkùnrin mẹ́rin àti okùn kan ni wọ́n fi fà mí jáde. Ọ̀kan nínú wọn rọra sọ sábẹ́ èémí pé irú ẹrù báyìí kò sí nínú àdéhùn iṣẹ́ òun, mo sì gbọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Awọnlẹ̀ mú fọ́ọ̀mù ọjọ́sí jáde. Ó fa igi lé ohun tó kọ. Ó ní, "Màmá, kí ni kí n kọ?"

"Ibojì ọmọ. Ọ̀kan."

"Orúkọ rẹ̀?"

Mo pe orúkọ rẹ̀. Elétí tún un pè lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń wọ bàtà tuntun wò. Lẹ́yìn náà ló wá pè é bó ṣe yẹ kó pè é. Ó fi "ẹ̀gbọ́n mi" ṣíwájú rẹ̀.

Inú agolo tí mo máa ń kó okùn ìránṣọ sí la kó bọ́tìnnì mẹ́rin náà sí, wọ́n sì ṣí ẹ̀gbẹ́ ibojì ọkọ mi nínú itẹ́ òkú ìlú, wọ́n gbé e sí i. Obìnrin oníbàtà funfun wá sílé mi. Ó jókòó sí etí àga, kò lè gbójú sókè, ó ní òun ti pa ilé oorun yẹn rẹ́ nínú àwòrán òun, pé koríko lásán ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti pa á rẹ́ pátápátá. Ó ní òun ṣì lè dá a padà. Mo ní kó dá a padà. Bọ́tìnnì méjì ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó dá wà.

Lọ́dún kejì, wọ́n ṣí ọgbà. Elétí fún mi ní ọmọ rẹ̀ obìnrin mú lọ. Ó ṣeré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì mú un lọ sínú ilé kékeré tó ní òrùlé ewéko. Ibẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní kéékèèké sílẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án dùbúlẹ̀ gátagàta. Mo jókòó sórí àga, àga náà ké, mo ní, "Ẹ̀yin àga yìí, ẹ ò rí ìdí rí ni?" Ohùn mi, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré wá, ó fi ìka lé ètè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ọmọ ló sùn síbẹ̀ yẹn."

Mo fi etí gèlè mi bo ẹnu. Mo ní, "Mo mọ̀," mo sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú orí, láti mọ̀ bóyá ara ẹnikẹ́ni ń gbóná.